Kùrukùru Tí Kò Mọ Ààlà: Oògùn Apakoríko àti Oúnjẹ Ẹran Ọ̀sìn Wa

Àwọn baba wa a máa wí pé, ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Òtítọ́ ni òwe náà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan wà ní ayé ìsinsìnyí tí kò bá òwe náà mu. Ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ ìfín kọ́ ẹ̀yìn, tí ó sì fín oògùn apakoríko sí ẹ̀bá ilé rẹ̀, lè parí iṣẹ́ rẹ̀, kí ó wẹ̀, kí ó jẹun, kí ó sì sùn, láìmọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti gbé díẹ̀ nínú oògùn náà kọjá ọgbà, tí ó sì ti bà lé koríko tí opó kan ń gé fún ewúrẹ́ rẹ̀ ní òdìkejì. Eérú yìí kì í tọ ẹni tí ó dà á. Aládùúgbò rẹ̀ ni ó ń tọ̀. Èyí ni ó mú wa kọ̀wé sí àwọn ìdílé òǹkàwé wa lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹnìkan lè bi wá pé: kí ni ó kan ará Amukoko nínú ọ̀rọ̀ oògùn oko? Àdúgbò tí ilé fi ara kan ilé ni tiwa, láàárín Ajégúnlẹ̀ àti Orílé, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ajérómi-Ìfẹ́lódùn. Kò sí àyè tí ènìyàn lè fi dá oko níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí olúwarẹ̀ wo ojú títì wa kí ó tó dákẹ́. Ewúrẹ́ ń sùn sí ẹnu ọ̀nà. Àgbò ń bẹ lórí okùn níwájú ilé àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí nígbà tí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwa náà sì ń so tiwa mọ́lẹ̀ de ìkórè àti Kérésìmesì. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó wà láàárín wa tí ó jẹ́ pé ọmọ ewúrẹ́ méjì tí ó tà ni ó fi san owó ilé ẹ̀kọ́.

Kí ni àwọn ẹran wọ̀nyí ń jẹ? Wọ́n ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ àti èèpo iṣu; wọ́n ń jẹ èèpo ẹ̀wà; wọ́n ń jẹ ewé ẹ̀pà gbígbẹ tí ọkọ̀ ń kó wá nínú àpò láti Òkè Ọya; wọ́n sì ń jẹ koríko tútù tí a gé ní etí kòtò, ní ẹ̀bá ọ̀nà reluwé, àti lórí ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́lé sí. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ó hù nínú ilé wa. Oko ẹlòmíràn, tàbí ilẹ̀ tí kò ní olùṣọ́, ni gbogbo wọn ti wá, ẹni tí ó gbé e fún ẹran rẹ̀ kò sì mọ ohun tí a fín ní ìtòsí rẹ̀ lánàá. Nítorí náà, bí oko tilẹ̀ jìnnà sí Amukoko, ohun tí a ṣe ní oko kò jìnnà sí àwo ewúrẹ́ wa.

ÀǸFÀÀNÍ RẸ̀ KÒ ṢE É SẸ́

A kò kọ̀wé yìí láti bú oògùn apakoríko. Ẹni tí ó bá ti fi ọkọ́ ro oko ní ìgbà òjò rí mọ ohun tí ẹ̀yìn ń rí. Ní 1945, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, ni oògùn tí a ń pè ní 2,4-D dé ọjà; ní 1962 ni paraquat tẹ̀ lé e; ní 1974 ni glyphosate dé. Iṣẹ́ tí ó ń gba alágbàṣe ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ẹnìkan ń fi òwúrọ̀ kan ṣe. Ọmọ tí à bá mú lọ sí oko láti tu èpò ń jókòó nínú kíláàsì. Ó yẹ kí a dúpẹ́ fún ọgbọ́n tí Ọlọ́run fi fún ènìyàn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn oògùn wọ̀nyí kò rí bákan náà, ó sì dára kí a mọ ìyàtọ̀ wọn. 2,4-D a máa pa ewéko eléwé fífẹ̀, a sì máa fi àgbàdo àti koríko tí ó jọ ọ́ sílẹ̀. Paraquat a máa jó ohun tútù yòówù tí ó bá kàn, bí ẹni pé a da omi gbígbóná sí i. Glyphosate a máa gba ojú ewé wọlé, a máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò, kì í sì í yan koríko sọ́tọ̀ kúrò lára ewé. Àwa ni a mọ èyí tí ó jẹ́ èpò àti èyí tí ó jẹ́ oúnjẹ. Oògùn kò mọ̀ ọ́n.

BÍ Ó ṢE Ń RÌN

Ọ̀nà méjì ni oògùn fi ń kúrò níbi tí a fín in sí. Ọ̀nà kìíní ni ti ẹ̀kán kéékèèké. Nígbà tí a bá ń fa ọwọ́ ẹ̀rọ, oògùn kì í jáde ní ẹ̀kán kan náà; ńlá wà nínú rẹ̀, kékeré sì wà. Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ẹ̀kán mẹ́ta tí ó bọ́ láti ibi gíga ẹsẹ̀ bàtà 10. Èyí tí ìbú rẹ̀ tó 0.4 mìlímítà yóò kan ilẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 2. Èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 0.1 mìlímítà yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Ṣùgbọ́n èyí tí ó jẹ́ 0.02 mìlímítà, tí ojú kò lè rí lọ́tọ̀, yóò rọ̀ sójú òfuurufú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 4. Bí afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ tí ń lọ ní máìlì 3 ní wákàtí kan bá wà níbẹ̀, ẹ̀kán ńlá yóò bọ́ sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 9 sí ibi tí a dúró. Ti àárín yóò dé nǹkan bí 44. Ẹ̀kán tín-tìn-tín yóò sì rìn ju ẹsẹ̀ bàtà 1,000 lọ. Lóòótọ́, a kì í sábà gbé ẹnu ẹ̀rọ sókè tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fín igbó gíga, tàbí tí ń fín ewé tí ó gun orí ògiri, kò jìnnà sí i. Ẹni tí ó bá sì ń fa ọwọ́ ẹ̀rọ kíkankíkan kí iṣẹ́ lè yá, ẹ̀kán tín-tìn-tín ni ó ń sọ di púpọ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti oru. Irú 2,4-D kan wà, oògùn kan tí a ń pè ní dicamba sì wà, tí ó jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bà sílẹ̀ tán, oòrùn a tún gbé wọn dìde, gẹ́gẹ́ bí òórùn kẹrosíìnì ti í jáde láti inú ìgò tí a kò dé. Ẹni tí ó fín in lè ti lọ sí ilé rẹ̀. Oògùn náà kò tíì parí ìrìn àjò tirẹ̀.

Àwa tí a ń gbé ní Èkó mọ afẹ́fẹ́ òkun. Bí oòrùn bá ti ń gòkè ni ó ń fẹ́ wá láti ìhà gúúsù, ó sì máa ń le sí i ní ọ̀sán. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rò pé òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ewé kan kò mì, ni àkókò tí ó dára jùlọ láti fín oògùn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ní òwúrọ̀ mìíràn, afẹ́fẹ́ tútù wà nísàlẹ̀, èyí tí ó gbóná díẹ̀ sì bò ó mọ́lẹ̀ bí ìdérí ìkòkò. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ẹ̀kán kéékèèké kò lè gòkè, wọn kò sì tètè bọ́. Ńṣe ni wọ́n ń fò kiri pẹ̀lú kùrukùru títí wọn yóò fi rí ibi bà lé. Àmì rẹ̀ kò ṣòro: kí a wo èéfín ààrò. Bí èéfín bá gòkè tí ó sì tú ká, ó dára. Bí ó bá tẹ́ bí ẹní lókè òrùlé tí kò lọ, kí a fi ẹ̀rọ sílẹ̀.

OHUN TÍ Ó Ń ṢE SÍ OÚNJẸ ẸRAN

A kà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní pé, nígbà ìyàn ọjọ́ Èlíjà, Áhábù ọba fúnra rẹ̀ jáde, òun àti Ọbadáyà olórí ilé rẹ̀, ọ̀kan gba ọ̀nà yìí, èkejì gba ọ̀nà ọ̀hún, láti wá koríko tí wọn yóò fi dá ẹ̀mí ẹṣin àti ìbaaka sí. Ọba tí ń wá koríko kiri! Ẹni tí ó bá ń sin ẹran kò ní fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe gbogbo oúnjẹ ẹran ni agbára rẹ̀ dọ́gba. Koríko lásán ń kún inú, ṣùgbọ́n irú ewé tí ó jẹ́ ẹbí ẹ̀wà àti ẹ̀pà ni ó ń mú kí ẹran sanra, tí ó sì ń mú kí ìyá ẹran ní wàrà fún ọmọ rẹ̀. Láàárín 1980 sí 1989 àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn ní Ìbàdàn ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti gbin igi àgúnmániyè ní ìlà láàárín àgbàdo, kí wọn lè máa gé ewé rẹ̀ fún ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ẹbí ẹ̀wà ni igi náà pẹ̀lú. Wàyí o, irú ewé wọ̀nyí gan-an ni 2,4-D àti dicamba ń bá jà jùlọ. Ìba díẹ̀ tí kò ní ṣe koríko ní nǹkankan tó láti ba ewé ẹ̀wà jẹ́. Nítorí náà, ilẹ̀ tí kùrukùru oògùn kọjá lórí rẹ̀ lè tutù yọ̀yọ̀ lójú, kí ènìyàn rò pé oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé apá tí ó dára jù nínú oúnjẹ náà ti kú, tí ó ku èyí tí ń kún inú láìmú ara le.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ ọ́n? Bí ó bá jẹ́ 2,4-D tàbí dicamba, ewé yóò ká bí ife, igi rẹ̀ yóò sì lọ́ bí okùn tí a fọn. Bí ó bá jẹ́ paraquat, àmì pupa rẹ́súrẹ́sú yóò yọ lójú ewé káàkiri láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, bí ìgbà tí ẹ̀ta iná ta sí aṣọ. Bí ó bá jẹ́ glyphosate, ọ̀mùnú ewé ni yóò kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹni tí ó bá rí i tí àmì náà pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀, tí ó sì ń dínkù bí a ti ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ó wo ìhà tí ó ti pọ̀. Láti ibẹ̀ ni oògùn náà ti wá. Àrùn kì í sábà tò bẹ́ẹ̀.

A kò sọ pé ewúrẹ́ tí ó jẹ irú ewé bẹ́ẹ̀ yóò ṣubú kú lọ́jọ́ náà. Ewu rẹ̀ jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ń ṣe oògùn máa ń kọ ọ́ sára agolo, iye ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹran tó jẹ koríko tí a fín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka agolo fún ẹni tí afẹ́fẹ́ gbé oògùn wá bá, tí kò rí agolo rárá? Ẹ̀wẹ̀, àwọn ewé olóró kan wà tí ẹran kì í sábà fi ẹnu kàn. Bí 2,4-D bá ti kàn wọ́n, tí wọ́n ń rọ, adùn wọn a máa yàtọ̀, ẹran a sì jẹ ohun tí ọgbọ́n inú rẹ̀ ti ń kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ láti sá fún.

OHUN TÍ OJÚ TI RÍ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ní Amẹ́ríkà, a ṣe irúgbìn ẹ̀wà sóyà kan tí dicamba kì í pa, àwọn àgbẹ̀ tí ó gbìn ín sì ń fín dicamba lé e lórí nígbà tí oòrùn ń mú. Àwọn aládùúgbò wọn tí kò gbin irú èyí ni ó jìyà rẹ̀. Ní 2017, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Missouri ṣírò pé ilẹ̀ ẹ̀wà sóyà tí ó tó éékà mílíọ̀nù 3.6 ni oògùn náà bà jẹ́ lọ́dún náà, ìwádìí tí ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ ń ṣe lórí ẹ̀sùn àwọn àgbẹ̀ sì ju 2,700 lọ. Ní 2020, ilé ẹjọ́ kan ní Missouri dá owó mílíọ̀nù 265 dọ́là fún olóko èso píìsì kan, kí ilé-iṣẹ́ Monsanto àti BASF san án. Lẹ́yìn náà a dín owó náà kù, ní 2022 sì ni ilé ẹjọ́ gíga ní kí a tún apá kan ẹjọ́ náà gbọ́. Ní 2020 kan náà, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2024, àwọn adájọ́ fagi lé ìwé àṣẹ tí ìjọba fi fún fífín oògùn náà lórí irúgbìn.

Owó ni ìyẹn. Èyí tí ó bani nínú jẹ́ jù ṣẹlẹ̀ ní October 2016, ní ààlà ìpínlẹ̀ Arkansas àti Missouri. Àgbẹ̀ kan bínú nítorí oògùn tí ó fẹ́ wọ inú oko rẹ̀. Ó pàdé òṣìṣẹ́ oko kejì láti bá a sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ di ìjà, a sì yin ìbọn pa á. Láti ìgbà Káínì àti Ébẹ́lì ni a ti ń gbọ́ pé ènìyàn méjì pàdé nínú oko, tí ẹnìkan ṣoṣo sì padà wálé. Ǹjẹ́ kí a jẹ́ kí ewé sọ wá di Káínì bí?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, ní 2008, àwọn tí ń gbin tòmátò, ànàmọ́ òyìnbó àti ẹ̀wà sí ẹ̀yìnkùlé bẹ̀rẹ̀ sí í rí i tí ohun ọ̀gbìn wọn ń lọ́, tí ewé rẹ̀ ń ká, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fín oògùn. Nígbà tí a wá ìdí rẹ̀, a rí i pé oògùn tí a ń pè ní aminopyralid ni a fín sí koríko. Ẹran jẹ koríko náà, kò sì kú. Oògùn gba inú rẹ̀ kọjá wọ inú ìgbẹ́, a kó ìgbẹ́ náà sí ọgbà fún ajílẹ̀, ó sì pa ohun ọ̀gbìn. Ìjọba dá títa rẹ̀ dúró ní July ọdún náà, ó sì tún gbà á padà lẹ́yìn náà pẹ̀lú òfin tí ó le jù ti ìṣáájú lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí ìdí ẹ̀fọ́ nínú garawa lẹ́yìn ilé, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

Ní orílẹ̀-èdè tiwa, àjọ NAFDAC, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, fi òfin de paraquat láti 1 January 2024, ó sì fi òfin de atrazine, tí a ń fín sí oko àgbàdo, láti 1 January 2025. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti kọ paraquat láti 2007. Ẹ̀kún ẹnu kan nínú rẹ̀ lè pa ènìyàn, kò sì sí oògùn tí ń ṣẹ́ májèlé rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i tí a ń tà á ní kọ̀rọ̀, kí ó má ṣe rà á nítorí pé ó dínwó.

OHUN TÍ Ó YẸ WÁ

Sí ẹni tí ń fín: kí o kọ́kọ́ bi ara rẹ bóyá àdá tàbí ọkọ́ kò tó. Ní ojú kòtò àti ẹ̀bá ògiri ní Amukoko, ó tó ní ìgbà púpọ̀. Bí o bá gbọ́dọ̀ fín, sọ fún àwọn aládùúgbò rẹ ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí wọn lè so ẹran wọn mọ́lẹ̀ kí wọn sì gé koríko tí wọn nílò. Má ṣe fín nígbà tí afẹ́fẹ́ ń mi ẹ̀ka igi, má sì ṣe fín nígbà tí èéfín tẹ́ sílẹ̀; fín nígbà tí afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ ń kọjú sí ibi tí kò sí oúnjẹ ènìyàn tàbí ti ẹran. Mú ẹnu ẹ̀rọ súnmọ́ ilẹ̀. Lo ẹnu ẹ̀rọ tí ń mú ẹ̀kán ńlá jáde. Rọra fa ọwọ́ rẹ̀. Má ṣe ṣan ẹ̀rọ sínú kòtò, nítorí omi rẹ̀ ń lọ bá ẹlòmíràn. Má sì ṣe ra oògùn tí a dà sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí ọmọdé kò mọ̀wé tí a kò kọ.

Sí ẹni tí ń sin ẹran: má ṣe gé koríko níbi tí o ti rí ewé tí ó ká, tí ó lọ́, tàbí tí ó pọ́n lójijì. Bi ẹni tí ó ń ta koríko fún ọ léèrè ibi tí ó ti gé e. Kì í ṣe àfojúdi. Bí oògùn bá fẹ́ dé ibi tí o ti ń gé oúnjẹ ẹran rẹ, kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, wádìí orúkọ oògùn náà lọ́dọ̀ ẹni tí ó fín in, kí o sì fi àpẹẹrẹ ewé náà han òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn tàbí dókítà ẹran kí o tó tún gé níbẹ̀. Fi sùúrù lọ bá aládùúgbò rẹ, má ṣe lọ pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Sísọ ọ́ ni ìfẹ́.

Nínú Ìwé Ẹ́ksódù, orí kejìlélógún, Ọlọ́run fún Ísírẹ́lì ní òfin nípa iná tí ẹnìkan dá, tí ó ràn mọ́ ẹ̀gún, tí ó sì jó ọkà ẹlòmíràn. Òfin náà kò béèrè bóyá ẹni tí ó dá iná náà fẹ́ jó oko aládùúgbò rẹ̀. Ó béèrè ẹni tí ó dá a, ó sì ní kí ó san án padà. Ìran tí ó gba òfin náà kò mọ ẹ̀rọ ìfín, ṣùgbọ́n wọ́n mọ afẹ́fẹ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ohun tí òun tú sílẹ̀ lè rékọjá ààlà òun, ojúṣe rẹ̀ rékọjá ààlà náà pẹ̀lú. Bí ewé ewúrẹ́ opó bá kú nítorí oògùn rẹ, ra àpò ewé ẹ̀pà kan lọ́jà, gbé e lọ fún un ní ilé rẹ̀, kí o tó gbé ọrẹ rẹ wá sí ilé Ọlọ́run ní Ọjọ́ Ìsinmi.